Èmi Ni Mo Júwe Ọ̀nà Ọjà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra búrẹ́dì gbígbóná rí lójú ọ̀nà Pólì ní Ìlaròó, ó ṣeé ṣe kí ẹ dá mi mọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán ná kí ẹ tó pariwo orúkọ mi. Kò sí èébú tí ẹ fẹ́ bú mi tí n kò tíì fi bú ara mi.

Afeezat ni mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo ta ẹ̀gbọ́n mi.

Jẹ̀mílátù ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Husain ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́tàlá ló fi jù mí lọ. Nígbà tí ọkọ mi lé mi jáde ní Sángò, ilé rẹ̀ ni mo gbé àpò mi wá. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní, “Jẹun ná. Lọ́la, wàá bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù.”

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Yàrá méjì tí wọ́n wó ògiri àárín wọn ni. Ṣùgbọ́n bí o bá wá ẹyin káàkiri àdúgbò tí o kò rí, o máa rí i níbẹ̀. Búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná wà níbẹ̀ láàárọ̀. Gààrí tí kò ní iyanrìn nínú wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé ọjà kì í tán lọ́dọ̀ Ìyá Husain.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí ọjà náà ṣe ń débẹ̀.

Lọ́dún tí ìjọba ti bodè pa, tí ìrẹsì àti òróró tó ń gba Ìdìrókò wọlé dáwọ́ dúró, ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìgbà yẹn ló gun ọ̀kadà káàkiri ìgbèríko Yewa. Ó bá Bàbá Oyèkúnlé tó ń ṣe búrẹ́dì ní Jọga Orílé sọ̀rọ̀. Ó bá Ọmọ́délé, opó kan tó ń sin adìyẹ ní Ẹ̀gùá, sọ̀rọ̀. Ó bá àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ní Àfọ̀n sọ̀rọ̀. Wọn kò tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló so wọ́n pọ̀.

Búrẹ́dì gbọ́dọ̀ dé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde láàárọ̀. Ẹyin ń dé lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n mi ń kó ọjà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó dá. Ó máa ń sọ pé, “Ẹni tó bá ń kó ọjà pamọ́, ìdin ló ń kó o pamọ́ fún.”

Mo mọ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń pe àwọn èèyàn náà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n èmi náà ní èrò tèmi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ra fíríìjì onígíláàsì, kí àwọn ọmọ Pólì lè máa rí ohun mímu tútù látìta.”

“Iná wo ló fẹ́ gbé e?”

“Ẹ jẹ́ ká máa gba iṣẹ́ lórí fóònù nígbà náà, ká máa gbé ọjà lọ bá wọn nílé.”

“Afeezat, gbálẹ̀.”

Gbálẹ̀! Lójú àwọn oníbàárà. Mo gbá a, mo sì ju ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n parí ilé kan sí òdìkejì títì, tó dojú kọ wá gan-an. Gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ÌRỌ̀RÙN gàdàgbà sókè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní ìlú mélòó kan ló ni ín. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ya fọ́tò, atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ sí wọn lára, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ wa.

Èkó ni búrẹ́dì tiwọn ti ń wá. Á ti le kó tó dé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù wọn bá bàjẹ́ lọ́nà, pẹpẹ wọn á wà lófìfo lọ́jọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi á wo òdìkejì, á fi etí ìró nu ojú, á ní, “Gíláàsì ò ṣeé jẹ.”

Lọ́jọ́ kan, máníjà wọn fúnra rẹ̀ wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wa. Báyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ kírun. Báyọ̀ wo pẹpẹ yí ká.

“Ta ló to ọjà yìí?”

“Èmi ni.”

“Ó hàn. Ẹ gbé búrẹ́dì sẹ́yìn pátápátá, kí èèyàn lè kọjá lára bọ́tà àti ẹja inú agolo kó tó dé ìdí rẹ̀. Ta ló kọ́ yín?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.”

“Àǹtí, ibí yìí kéré sí yín.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn ju oyin lọ. Nígbà tó ní kí n yà sí ọ́fíìsì òun, mo yà. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé mo fẹ́ lọ ra káàdì fóònù.

Mo sọ ọ̀rọ̀ fíríìjì fún Báyọ̀. Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ra nǹkan jù kí wọ́n tó lọ sílé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ọlọ́pàá kan ní Sángò nìkan ló tíì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀ rí, ìyẹn nígbà tí ọkọ mi lù mí.

Ìgbà kẹta tí mo lọ ló gbé ohun tó ń wá jáde.

“Búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n yín yẹn, níbo ló ti ń wá?”

Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ.

“Mi ò fipá mú yín o. Ṣùgbọ́n a ń wá igbákejì máníjà, ẹni tó mọ ilẹ̀ yìí dáadáa. Mo ti dárúkọ yín fáwọn ọ̀gá.”

“Ẹ ò ní ba ọjà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́?”

“Báwo? Ọjà pọ̀ tó gbogbo wa. Àwọn tó ń ṣe é gan-an máa rí ibi méjì tà á sí. Àbí ire kọ́ nìyẹn?”

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níbí yìí, torí òótọ́ ni mo wá sọ. Bàbá Oyèkúnlé kò ní ju ààrò kan lọ. Búrẹ́dì tó lè ṣe láàárọ̀ kan kò lè tó ṣọ́ọ̀bù méjì. Mo mọ̀, mo sì gba bírò lọ́wọ́ Báyọ̀.

Páálí bisikíìtì kan wà nílẹ̀. Mo fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya. Mo kọ orúkọ Bàbá Oyèkúnlé, mo ya ọ̀nà Jọga Orílé, mo fi àmì sí ibi tí èèyàn á ti yà. Mo kọ Ọmọ́délé, Ẹ̀gùá, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo kọ Àfọ̀n. Lábẹ́ rẹ̀, mo tún fi èyí kún un, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí: “Ẹ débẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù, torí aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n ń gbé ti Ìyá Husain jáde.”

Mo tún un kà, kó má baà sí àṣìṣe. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Ẹyin ló kọ́kọ́ dá. Ọjọ́bọ̀ kọjá, a kò rí Ọmọ́délé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pè é. Mo pè é, kò gbé e. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, búrẹ́dì dín sí ìdajì. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dé láàárọ̀, wọ́n á yọjú, wọ́n á bi wá, “Mọ́mì, kò tíì dé?” Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá sọdá títì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Atẹ́gùn fẹ́ wá láti òdìkejì. Òórùn búrẹ́dì Jọga ń ta sánsán nínú rẹ̀.

Ó gbé imú sókè. “Afeezat, ṣé kì í ṣe búrẹ́dì Bàbá Oyèkúnlé ni mo ń gbóòórùn yìí?”

“Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó wò mí. Kò fura. Ì bá sàn ká ní ó fura. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ní, “Bóyá ọwọ́ mi ló ti le jù. Fíríìjì tí o wí lọ́jọ́ sí, mo ti ń rò ó. Òótọ́ lo sọ. Kí ọjà kàn gbéra díẹ̀, màá rà á.”

Mo sá wọ ẹ̀yìn ilé. Mo ti ojú bọ inú korobá omi kí n má baà ké.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá Báyọ̀.

“Ẹ ní ọjà pọ̀ tó gbogbo wa!”

“Àwọn ọ̀gá ní Èkó ló ní ká gba gbogbo rẹ̀. Ìdíje ni, Àǹtí. Kì í ṣe ìjà.”

“Iṣẹ́ mi ńkọ́?”

“Ẹ ní sùúrù.”

Ẹ rí i? Ẹ̀gbọ́n mi ń rì lọ, iṣẹ́ tèmi ni mo ń béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Bàbá Oyèkúnlé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Àgbàlagbà ni, ìyẹ̀fun kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Àwọn oníbàárà mẹ́ta wà nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Kò jókòó.

“Ìyá Husain, mo wá béèrè ohun kan ni. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

“Bàbá, ìbéèrè tí èmi fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ fi ní ẹ ò ta búrẹ́dì mi mọ́?”

“Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn ará òdìkejì yìí. Wọ́n ní ẹ ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún wọn. Mo ní irọ́ ni, pé ẹ̀yin lẹ fi ìyẹ̀fun ràn mí lọ́wọ́ lọ́dún tí kò sí ìyẹ̀fun níbì kankan, pé ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún mi. Ni wọ́n bá fi èyí hàn mí. Wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀bù yín ló ti wá, pé ẹ̀yin lẹ ní kí àbúrò yín kọ ọ́. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó wá ń jẹ mí lọ́kàn.”

Ó fa páálí bisikíìtì kan yọ nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀.

Mo ti dá a mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Òun ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi. Kò sí bí n ṣe lè yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà tí kò ní mọ̀ ọ́n.

Kò bi mí bóyá èmi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé-ìwé. Orúkọ Bàbá. Orúkọ Ọmọ́délé. Àfọ̀n. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gbójú sókè wò mí.

“O tiẹ̀ sọ aago fún wọn,” ó wí.

Mo wólẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ kì í gbọ́ tèmi ni. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, gbálẹ̀ lẹ ń ní kí n gbá…”

“Ṣé torí mo ní kí o gbálẹ̀ ni?”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó kéré débi pé ojú tì mí láti gbà á.

Bàbá Oyèkúnlé di orí mú. “Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú èyí mọ́. Ìyá Husain, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é.”

“Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí. Ẹ máa lọ. Wọ́n ti jẹ́ kí ẹ tọwọ́ bọ̀wé fún wọn, àbí? Ẹ ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ẹ ta búrẹ́dì yín fún wọn.”

Ó kọjú sí mi. Kò lù mí. Kò gbé mi ṣépè. Ó fi àgbọ̀n júwe òdìkejì títì.

“Wọ́n ń dúró dè ọ́.”

Báyìí ni mo ṣe gbé àpò mi, tí mo sọdá. Ogún ìgbésẹ̀ péré ni. Gbogbo àdúgbò jáde wò mí.

Báyọ̀ fún mi ní épírọ̀n. Obìnrin kan tí wọ́n mú wá láti Èkó, Iṣẹ́olúwa, ni igbákejì máníjà. Ó ti jókòó sórí àga náà tipẹ́. Tèmi ni kí n máa to ọjà sórí pẹpẹ, kí n sì máa nu gíláàsì.

“Èyí kọ́ lẹ ṣèlérí,” mo sọ fún Báyọ̀.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí wọ egungun. “Àǹtí, ẹni tó júwe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fún wa, ta ni kò lè júwe wa fún?”

Oṣù márùn-ún ni mo fi nu gíláàsì yẹn. Bí mo bá ti ń nù ún, ojú mi á máa wo ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n mi. Kò tì í pa. Ọṣẹ, iyọ̀, ìṣáná, kẹrosíìnì, ohun tí kò lè bàjẹ́ ló kù tó ń tà. Láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbálẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, àṣẹ dé láti Èkó. Ilé-iṣẹ́ ti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí ibì kan tí kò jìnnà sí Sángò. Ààrò tiwọn wà níbẹ̀. Wọ́n ti bá oko adìyẹ ńlá kan ṣe àdéhùn. Gbogbo ẹ̀ka gbọ́dọ̀ máa gba ọjà láti ibẹ̀ nìkan. Ìwé tí wọ́n ní kí àwọn ará Jọga àti Ẹ̀gùá tọwọ́ bọ̀, ilé-iṣẹ́ lè fà á ya nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni kò lè fà á ya.

Báyọ̀ ní, “Ẹ bá wa pè wọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n.”

Mo pe Ọmọ́délé. Mo sọ fún un pé a ò gba ẹyin mọ́, láti òní lọ.

Mo ń gbọ́ igbe adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Afeezat, àwọn ará yín ló ní kí n fi kún un. Mo ti sọ adìyẹ mi di ìlọ́po méjì. Wọ́n ń yé lọ́wọ́ báyìí. Níbo ni kí n kó o lọ?”

Mo bọ́ épírọ̀n, mo fi lé orí ẹ̀rọ ìsanwó, mo jáde. Kì í ṣe akin ni mo ṣe. N kò kàn lè pe ẹni kejì ni.

Ẹ̀gùá ni mo gbà lọ. Kireeti ẹyin ti kún yàrá Ọmọ́délé dé ojú fèrèsé. Oòrùn ń jó òrùlé páànù. Ó ń wọ́n omi sílẹ̀ kí yàrá lè tutù. Ó rí mi, kò bú mi, ó na korobá kejì sí mi. A jọ wọ́n omi.

“Ká kó o lọ bá Ìyá Husain,” mo sọ níkẹyìn.

“Ojú wo ni màá fi wò ó? Mo gbọ́ pé ó ń wá mi, mi ò gbé fóònù.”

“Èmi náà ò lójú tí màá fi wò ó. Ṣùgbọ́n ẹyin kò mọ̀ pé a ṣẹ̀.”

A di í sínú ọkọ̀ kan, a rọra ń lọ, ọ̀nà náà burú. Nígbà tí a dé Ìlaròó, Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ́délé kúnlẹ̀ láti ibi ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fà á lápá sókè.

“Dìde jàre. Mélòó ló fọ́?”

“Mẹ́ta péré, Ẹ̀gbọ́n.”

“O gbìyànjú. Gbé e wọlé. O ti jẹun?”

Èmi náà gbé kireeti méjì dání, mo dúró létí gọ́tà. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi…”

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo oníbàárà tuntun.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó wí. “Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣeun.”

Ẹ. Fún gbogbo ọjọ́ ayé mi, “ìwọ” ni mo ń jẹ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. “Ìwọ” ló fi ń bú mi, “ìwọ” náà ló fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Lọ́jọ́ yẹn, mo di “ẹ”.

Bàbá Oyèkúnlé náà padà gbé búrẹ́dì wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjà Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ilé onígíláàsì ṣì wà níbẹ̀, èrò sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ́délé ta nínú adìyẹ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kó tó bọ́ nínú wàhálà.

Ayétòrò ni mo ń gbé báyìí. Mo ń bá Ọmọ́délé gbé ẹyin kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, mo sì ń kó gààrí láti Àfọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹbí yín ṣòwò, tí inú ń bí yín pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ pariwo. Ẹ jà. Ẹ kó ẹrù yín jáde ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn yín.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gbé ẹyin dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi. Á ní, “Ẹ kú ọ̀nà.” Á fún mi lómi mu. Á ní, “Ẹ kí àwọn ará Ayétòrò.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ já ẹyin kan bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fọ́ yángá, ó ta sí i lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ kó bú mi. Mo fẹ́ kó lọgun pé, “Afeezat, ìwọ aláìlójú yìí, lọ mú ìgbálẹ̀ wá!”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àkísà nu ilẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ má ṣèyọnu,” ó wí. “Ẹ rọra máa lọ.”